Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Táyà iwájú wo ló máa di ilẹ̀ mú ṣinṣin?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mountain bike ni mo ń gùn, erùpẹ̀ gbígbẹ tí òkúta wẹ́wẹ́ wà lórí ẹ̀ ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà tí mò ń gbà, òjò tún máa ń rọ̀ sí i nígbà míì tí gbòǹgbò igi á wá máa yọ̀. Ohun tó ń já mi láyà ni pé tí mo bá ti fẹ́ yí kọ́nà, iwájú á kàn yọ̀ lọ láìsọ tẹ́lẹ̀. Táyà tó bá kẹ̀kẹ́ wá látilẹ̀ ni mo ṣì ń lò, méjèèjì jọra. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n wá èyí tí eyín ẹ̀ tóbi jù lọ, ìkejì ní kí n ṣáà ra táyà kan tó ń jẹ́ Assegai kí n sinmi. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, àwọn méjèèjì ò parọ́ fún ẹ, àmọ́ kò séyìí tó dárúkọ rọ́bà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ìdí ọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn.

Ká kọ́kọ́ fìyí síbi kan ná, iwájú ni kó o náwó sí. Tí tẹ̀yìn bá yọ̀, ìdí kẹ̀kẹ́ á gbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àyà ẹ á já, wàá tún un ṣe, ó tán. Tí tiwájú bá yọ̀ ńkọ́? Kó o tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ èjìká ẹ ti balẹ̀. Iwájú ló ń darí ẹ, òun náà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bíréèkì torí bó o bá ṣe ń tẹ bíréèkì ni gbogbo ìwúwo ara ẹ ń rọ́ wá síwájú. Iṣẹ́ tẹ̀yìn ni kó ti kẹ̀kẹ́ lọ, ìyẹn ni táyà tó le díẹ̀ tó sì ń yí fẹ́rẹ́ fi bá a mu. Torí ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n gùn kì í fi lo táyà méjì tó jọra, èyí tó rọ̀ á wà níwájú, èyí tó yára tó sì ń pẹ́ á wà lẹ́yìn. Táyà ìbejì tí wọ́n fi ń ta kẹ̀kẹ́ tuntun yẹn, kó lè rọrùn fún ẹni tó ń tà á ni.

Ó yá, rọ́bà. Táyà kan lè wà, orúkọ kan, eyín kan, síbẹ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é á ṣe é ní rọ́bà oríṣiríṣi, wọ́n á wá fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò. Ti Maxxis, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Assegai, MaxxGrip ló rọ̀ jù, MaxxTerra tẹ̀ lé e, Dual le jù wọ́n lọ. Schwalbe, ilé iṣẹ́ táyà mìíràn, máa ń fa ìlà aláwọ̀ tín-ín-rín sójú táyà kó o lè dá a mọ̀: àwọ̀ ọsàn ni Soft, elésè àlùkò ni Ultra Soft, èyí tó rọ̀ jù. Ti ilé iṣẹ́ Continental, SuperSoft, Soft, Endurance, bí wọ́n ṣe ń le sí i nìyẹn. Nọ́ńbà tún wà tí wọ́n fi ń wọn líle rọ́bà, Shore A lorúkọ ẹ̀, èyí tó bá wà ní bíi 42 rọ̀ dáadáa, 60 ti le. Tó o bá wà níwájú táyà tí o ò sì ráyè ka gbogbo ìyẹn, fi èékánná àtàǹpàkò tẹ eyín tó wà létí. Rọ́bà tó rọ̀ á jẹ́ kí èékánná wọlé, ojú ibẹ̀ á jìn díẹ̀, á wá máa rọra kún padà. Èyí tó le á ta ẹ́ padà lójú ẹsẹ̀. Rírọra padà yẹn ni gíríìpù o, ìyẹn dídi ilẹ̀ mú, torí rọ́bà tó bá ń yára ta padà, á máa ta kúrò lórí òkúta àti gbòǹgbò dípò kó lẹ̀ mọ́ ọn, pàápàá tó bá tutù. Ohun tí rọ́bà tó rọ̀ máa gbà lọ́wọ́ ẹ ni pé ó ń yára jẹ, ó sì ń fà díẹ̀ tó o bá ń gun òkè. Níwájú, mo gbà pé ó tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn, mi ò ní ná owó mi síbẹ̀.

Ti eyín tó tóbi wá kù. Eyín gíga tó jìnnà síra dára nínú ẹrẹ̀ jíjìn, á gún wọlé, ẹrẹ̀ á sì ráàyè já bọ́. Gbé e wá sórí ilẹ̀ gbígbẹ tó le, eyín yẹn á máa tẹ̀ lábẹ́ ẹ bí ẹni tó wọ bàtà gogoro sórí àpáta. Irú ilẹ̀ tó o ṣàpèjúwe, eyín tó ga níwọ̀ntúnwọ̀nsì ló fẹ́, tí tẹ̀gbẹ́ẹ́gbẹ̀ẹ́ nípọn tí ìdí wọn sì fẹ̀, torí àwọn yẹn lo máa dúró lé tó o bá dẹ kẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kọ́nà. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ ẹ kejì ti já mọ́ nǹkan. Assegai, tí Greg Minnaar, ará South Africa tó gbajúmọ̀ nídìí eré ìje mountain bike, lọ́wọ́ sí ṣíṣe ẹ̀, tó jáde lọ́dún 2018, ní eyín kéékèèké láàárín tàárín àti tẹ̀gbẹ́, bó o bá ṣe ń dẹ̀ ẹ́ lọ nǹkan kan ń di ilẹ̀ mú. Minion DHF, táyà Maxxis mìíràn, kò rí bẹ́ẹ̀, àlàfo gbalaja kan wà láàárín ẹ̀ tó o gbọ́dọ̀ ré kọjá kó o tó débi eyín ẹ̀gbẹ́, ẹni tó ń dẹ kẹ̀kẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú ìgboyà á gbádùn ẹ̀ gan-an, ẹni tó ń ṣojo díẹ̀ á wà nínú àlàfo yẹn lójoojúmọ́ á sì máa sọ pé táyà ò dáa. Àlàyé tó o ṣe nípa kọ́nà jọ ti ẹni tó ń ṣojo, má bínú. Nítorí náà Assegai, rọ́bà MaxxGrip, kó fẹ̀ tó 2.5 ínṣì, tí inú rímù ẹ bá fẹ̀ tó bíi mìlímítà 30. Tó bá jẹ́ pé òjò pọ̀ ju gbígbẹ lọ ni, Magic Mary, táyà Schwalbe, ni mo máa sọ.

Ṣùgbọ́n kó o tó náwó rárá, wo afẹ́fẹ́ tó wà nínú èyí tó o ní. Mo fura pé ó le ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá jẹ́ tubeless, ìyẹn èyí tí kò ní tíúbù nínú, bíi 20 sí 25 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) ló sábà máa ń dáa níwájú, kí tiwájú sì fi bíi 2 sí 3 dín sí tẹ̀yìn. Mú kọ́nà kan tó o mọ̀ dáadáa, máa yọ 1 psi, kó o tún gùn ún, títí tí wàá fi rí i pé táyà ti ń ká lábẹ́ ẹ tàbí rímù ń kan òkúta, kó o wá dá 1 tàbí 2 padà. Géèjì tó ṣeé gbára lé ni kó o lò, èyí tó wà lára pọ́ńpù kì í sábà sòótọ́ nísàlẹ̀ yẹn. Tó bá jẹ́ tíúbù ló wà nínú ẹ̀, má sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, òkúta á fi rímù gé tíúbù jẹ, wàá rí ihò méjì tó kọjú síra.

ÌBÉÈRÈ: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra táyà tó rọ̀, mo fi síwájú, àmọ́ bíréèkì ò mú bí mo ṣe rò. Kí ló dé?

ÌDÁHÙN: Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, ọfà kan wà níbẹ̀ tó ń fi ibi tó yẹ kó máa yí sí hàn, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti fi sódì. Ẹ wo eyín àárín dáadáa, ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kó lè yí fẹ́rẹ́, ìkejì dúró gbọn-in torí bíréèkì. Tó bá sódì, apá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ̀ ń fi tẹ bíréèkì yẹn. Tí ọfà bá tọ̀nà, ẹ fún un láyè díẹ̀, táyà tuntun máa ń ní nǹkan yíyọ̀ lójú látinú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe é, ó ń jẹ kúrò tẹ́ ẹ bá ti ń gùn ún.

ÌBÉÈRÈ: Ẹni ọdún 60 ni mí, mi ò kì í sáré. Ìgbà wo ni kí n pààrọ̀ tiwájú? Eyín àárín ṣì pọ̀ lára ẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìgbádùn o, mà. Ẹ má wo àárín, eyín etí ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síta díẹ̀ kẹ́ ẹ wo ìdí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí i tó ti ń sán tàbí tó ti ń ya kúrò lára táyà, tàbí tí etí ẹ̀ tó mú tẹ́lẹ̀ ti rí róbótó, gíríìpù ti lọ nìyẹn, àárín ẹ̀ ì báà kún. Rọ́bà tó bá ti pẹ́ nínú oòrùn náà máa ń gan. Tó bá ṣì ní ẹ̀mí díẹ̀, ẹ gbé e lọ sẹ́yìn kẹ́ ẹ fi tuntun síwájú. Ẹ má gbé tẹ̀yìn tó ti jẹ wá síwájú láéláé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹnì kan fẹ́ fún mi ní táyà ínṣì 29, kẹ̀kẹ́ mi ínṣì 27.5 ni. Ṣé mo lè fi agbára wọ̀ ọ́?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Nọ́ńbà ìwọ̀n tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà lẹ máa wò, èyí tó gbẹ̀yìn nínú ẹ̀ ló ń sọ rímù tó bá a mu: 622 ni ti 29, 584 ni ti 27.5, ti 26 ni 559. Kò bá rímù yín mu, kò sí agbára tó lè ṣe é. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó bá a mu tó sì fẹ̀ ju tàtijọ́ lọ, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí i pé àyè ṣì wà láàárín ẹ̀ àti fọ́ọ̀kì, torí ẹrẹ̀ máa wọbẹ̀.