Kí Ló Dé Tí Eré Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Mi Fi Ń Fà?

Ìbéèrè: Olóòtú ọ̀wọ́n, Ìbàdàn ni mò ń gbé, mo sì máa ń bá àwọn ẹlòmíràn díje nínú eré bọ́ọ̀lù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Dátà tí ó yára ni mo ń rà, síbẹ̀ bí mo bá tẹ bọ́tìnì, agbábọ́ọ̀lù mi kì í tètè gbá bọ́ọ̀lù. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà. Ìyára tí ẹ ń rà kò fi bí iṣẹ́ tí ẹ rán ṣe ń tètè lọ tí ó sì ń tètè bọ̀ hàn, èyí tí àwọn aláyò ń pè ní ping. Bí sáfà eré náà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ń darí eré náà, bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó jìnnà sí Èkó ní nǹkan bí 5,000 kìlómítà, ìmọ́lẹ̀ inú wáyà abẹ́ òkun, tí ó ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò lo ó kéré tán ìdá 50 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá fún àlọ àti àbọ̀, kò sì sí owó dátà tí ó lè dín in kù. Nítorí náà, ping ni kí ẹ fi yan sáfà, ẹ má ṣe fi máàpù yàn án, nítorí ojú ọ̀nà wáyà ni dátà ń tọ̀.

Èyí tí ó wà ní ìkáwọ́ yín wà nínú ilé. Ẹ fi wáyà so ẹ̀rọ eré mọ́ ráútà dípò Wi-Fi tí ògiri ń dí lọ́wọ́, kí ẹ sì bẹ àwọn ará ilé pé kí wọ́n má ṣe máa gba fídíò sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lákòókò ìdíje, nítorí ẹ̀yìn fídíò náà ni iṣẹ́ tiyín yóò tò sí.