Owó fákúùmù tí wọ́n ń bèèrè yẹn, ẹ san án

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó AC tuntun. Ẹ ní àwọn tó ń fi AC méjì ló wá wo ògiri yín ní Ọ̀ffà. Ẹni àkọ́kọ́ ń gba owó ọ̀tọ̀ fún fákúùmù, ìyẹn kí wọ́n fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ àti omi inú páìpù jáde kí gáàsì tó wọ̀ ọ́, ó sì ní iṣẹ́ náà á gba òun tó ìdajì ọjọ́. Ẹnì kejì ní wákàtí kan ti pọ̀ jù, pé gáàsì tó bá ẹ̀rọ wá lòun máa fi lé afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde, pé bí àwọn ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Ẹ wá ní ta ni kẹ́ ẹ gbé e fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e fún ẹni àkọ́kọ́. Irú ẹnì kejì yẹn ni mo gbé tèmi fún, ojú mi sì rí màbo.

Aránṣọ ni mí, Gáà Àkànbí ní Ìlọrin níbí ni mò ń gbé, yàrá kan nínú ilé ni mo sì fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin náà mọ bí oòrùn tiwa ṣe máa ń rí láti oṣù kejì wọ oṣù kẹrin. Òógùn á kàn máa kán sórí léèsì oníbàárà ni, tó bá sì gbẹ, ó di àbààwọ́n. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ra AC họ́ọ̀sì kan ààbọ̀, èyí tí wọ́n kọ 12,000 BTU sí lára. Ọ̀gá tó wá fi í dé lẹ́yìn aago mẹ́wàá. Kí wọ́n tó pe ìrun Àyílà, ó ti ṣe tán, yàrá ti tutù nini. Mo sanwó, mo bu oúnjẹ fún un, mo tún ṣàdúrà lé e.

Nígbà tó pé oṣù kẹta tí wọ́n ti fi í ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́, kò tutù. Lọ́jọ́ kan mo ṣí ojú ẹ̀ sókè, mo bá yìnyín tó bo irin inú ẹ̀ pátá. Inú mi tiẹ̀ dùn, mo rò pé ó ń tutù jù ni! Àṣé tí gáàsì bá lọ sílẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ọ̀gá dé, ó rọ gáàsì sí i. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó tún rọ ọ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, kò tiẹ̀ yẹ nǹkan kan wò mọ́ kó tó gbé sílíńdà jáde. Kò sígbà kan tó bi ara ẹ̀ pé ibo ni gáàsì ń gbà lọ. Gáàsì AC kì í ṣe epo mọ́tò o. Kì í jó tán, àfi tó bá ń jò. Kò tó ọdún méjì tí kọmpirẹ́sọ̀, mọ́tò tó ń ti gáàsì kiri inú ẹ̀, fi kú. Owó gáàsì ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn nìkan ti ju owó fákúùmù lọ, ká má tíì sọ ti kọmpirẹ́sọ̀.

Bàbá àgbàlagbà kan ni wọ́n júwe fún mi láti wá tú u wò. Kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ó ní kí n fún òun ní ọṣẹ àti ife omi. Ó po ó títí tó fi hó, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún yí nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn ẹ̀rọ tó wà níta po. Fún bí ìṣẹ́jú kan, a ò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ìfófòó kan yọ, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ó ń wú díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tó hóró àgbàdo, ó bẹ́. Òmíràn tún yọ níbẹ̀ gan-an. Bàbá ò sọ̀rọ̀, ó kàn wò mí. Ó tú nọ́ọ̀tì náà, ó fi ẹnu páìpù hàn mí: apá kan fẹ̀, apá kejì tín-ín-rín, ó sì ti là bí irun orí. Ayùn irin ni wọ́n fi gé e, èéfọ́ bàbà ṣì wà nínú ẹ̀. Èmi tí mò ń fi sísọ́ọ̀sì jẹun, mo mọ ohun tí gígé tí kò dọ́gba máa ń dá sílẹ̀.

Nígbà tó wá ń ṣe tiẹ̀, mo gbé àga tì í. Irinṣẹ́ kékeré kan tó ń yí po lára páìpù ló fi gé e. Ó dorí ẹnu páìpù kodò kó tó ha etí ẹ̀, kí èéfọ́ má bàa já sínú. Ó ti nọ́ọ̀tì bọ̀ ọ́ kó tó fẹ ẹnu ẹ̀ (ó ní àìmọye ìgbà lòun ti gbàgbé nígbà tóun ń kọ́ṣẹ́, tóun á fẹ ẹnu ẹ̀ tán kóun tó rántí, àfi kóun tún un gé). Ó fẹ̀ ẹ́ bí ẹnu kàkàkí, ó kán òróró díẹ̀ sí i, ó fi ọwọ́ lásán yí nọ́ọ̀tì náà títí kò fi lè yí mọ́, kó tó mú sípánà méjì: ọ̀kan di ìdí ẹ̀ mú, ìkejì ń yí. Sípánà tó ní ìwọ̀n wà tó máa ń dún kẹ̀ tó bá ti tó. Páìpù ínǹṣì 1/4 kò ju bíi 15 Nm (òṣùwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń yí nọ́ọ̀tì) lọ, ti ínǹṣì 1/2 á tó bíi 50, ó sì wà nínú ìwé tó bá AC wá. Ẹni tó bá ń fi agbára ọkùnrin dè é, òun gan-an ló máa là á.

Ó wá kan fákúùmù. R410A ni wọ́n kọ sára tèmi, orúkọ irú gáàsì inú ẹ̀ nìyẹn. Bàbá ní òróró tó ń bá gáàsì yẹn gbé nínú kọmpirẹ́sọ̀ máa ń fa omi bí iyọ̀ ṣe ń fà á lásìkò òjò, tí méjèèjì bá sì pàdé nínú ooru, á di ásíìdì, á máa jẹ wáyà mọ́tò inú ẹ̀. Gáàsì tí wọ́n fi ń lé afẹ́fẹ́ lè lé afẹ́fẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rinrin tó lẹ̀ mọ́ inú páìpù kò ní bá a lọ. Yàtọ̀ síyẹn, ìwọ̀n ni wọ́n fi gáàsì yẹn sí láti ilé iṣẹ́, èyí tí wọ́n tú dànù yẹn ti dín in kù. Tó bá jẹ́ R32 ni wọ́n kọ sára tiyín, ẹ má tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n dán an wò rárá, torí iná lè ràn mọ́ ìyẹn.

Ẹ̀rọ fákúùmù máa ń fa afẹ́fẹ́ débi pé omi inú páìpù á hó láìsí iná lábẹ́ ẹ̀, á di oru omi, á sì bá a jáde. Bàbá jẹ́ kó fà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Abẹ́rẹ́ géèjì kọjá òdo, ó lọ sí ọgbọ̀n ìsàlẹ̀. Àwọn tó ní géèjì tó ń ka micron, òṣùwọ̀n bí afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù ṣe pọ̀ tó, máa ń fà á wálẹ̀ sí 500. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí yìí, 760,000 ni lórí òṣùwọ̀n yẹn. Bàbá ti géèjì pa, ó pa ẹ̀rọ, ó ní kí n máa ṣọ́ abẹ́rẹ́ yẹn kóun lọ kírun Alásárì. Ìgbà tó fi máa dé, abẹ́rẹ́ ti gbéra díẹ̀. Mo ní ṣé kékeré yẹn náà ni. Ó ní kékeré yẹn lẹ̀ ń sanwó gáàsì fún. Ó lọ bá nọ́ọ̀tì ti inú ilé, ó tún un dè, ó sì bẹ̀rẹ̀ fákúùmù látìbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú kó tó ṣí kọ́ọ̀kì gáàsì sílẹ̀.

Omi náà tún wà o. Lásìkò òjò, AC lè da omi kún korobá lóòjọ́. Ihò tí ọ̀gá tó kọ́kọ́ bá mi fi AC lu sára ògiri mi tẹ́jú pẹrẹsẹ, omi bá ń padà wọlé, ọ̀dà ń bó wálẹ̀ sórí máṣíìnì mi. Ẹ jẹ́ kí ihò náà rẹlẹ̀ níta ju inú lọ, kí rọ́bà omi má ga sókè níbì kankan. Kí wọ́n tó dé e, ẹ bu omi ife kan sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó jáde.

Ti iná, ẹ fún un ní wáyà tiẹ̀ láti bọ́ọ̀dù, 2.5 mm² oníbàbà, pẹ̀lú bírékà 20 amp. Ẹ má fi kọ́ sóókẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ti ń lo nǹkan míì. Tí iná yín bá máa ń já wálẹ̀ sí 160 volt bíi tiwa nírọ̀lẹ́, ẹ ra sitẹ́bíláísà tó máa ń dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó gbé e padà. Èyí tó máa wà níta, ẹ gbé e jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, kẹ́ ẹ sì máa fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ọyẹ́, torí eruku á dí i pa.

Ẹ tún ní páìpù tí wọ́n tà fún yín pọ́n, ṣé ó túmọ̀ sí pé bàbà ni. Ẹ fi ọ̀bẹ họ ọ́ díẹ̀. Tó bá ṣì pọ́n lábẹ́, kò séwu. Tó bá funfun, alumíníọ̀mù ni wọ́n kùn, ẹ dá a padà kí ọ̀gá yín tó gé e, torí tó bá ti gé e, ẹni tó tà á ò ní gbà á mọ́.