Ẹ dín ohun tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí wọn kù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní èèyàn mẹ́sàn-án ló ń tún ẹ̀rọ ṣe lábẹ́ yín ní Odógunyàn, pé ojoojúmọ́ lẹ ń fi fídíò ẹ̀kọ́ sínú gúrúùpù WhatsApp wọn, síbẹ̀ àṣìṣe àná náà ni wọ́n ń ṣe lónìí. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ háyà olùkọ́ tí yóò máa wá ní Sátidé. Ẹ má tíì náwó yẹn.

Ẹ kọ́kọ́ tú gúrúùpù náà wò, gbogbo ohun tí ẹ fi síbẹ̀ láti oṣù kan. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín pé: ta ló máa lo èyí lọ́sẹ̀ yìí, lórí ẹ̀rọ wo nínú àwọn tiwa? Èyí tí kò bá ní ìdáhùn, ẹ pa á rẹ́. Ó máa dùn yín, torí fídíò tó dára pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fídíò dáadáa tí kò bá ẹ̀rọ yín mu lè ba ẹ̀rọ jẹ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀. Ìwé tó ń bá ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń lo pẹtiróòlù wá sọ pé kí a pààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́ lẹ́yìn wákàtí 20, lẹ́yìn náà ní gbogbo wákàtí 100 tàbí oṣù 6. Èyí tó ń lo dísù lè tó wákàtí 250. Ọmọṣẹ́ tó bá wo fídíò ti dísù, tó wá gbé 250 lé ti kékeré lórí, ẹ́ńjìnnì máa nọ́kì mọ́ ọn lọ́wọ́. Fídíò náà kò parọ́ o. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ ni kò kọ irú ẹ̀rọ tó wà fún síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fíltà afẹ́fẹ́: wákàtí 50 ni wọ́n sábà máa ń kọ fún fífọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé kan náà á ní kó tètè yá sí i níbi tí eruku bá pọ̀. Ẹ mọ bí eruku ọ̀nà Ṣágámù ṣe máa ń rí nígbà ọyẹ́.

Nítorí náà, ẹ má fi fídíò ránṣẹ́ ní ìhòòhò mọ́. Ẹ kọ ìlà mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀ fúnra yín: ẹ̀rọ tó wà fún, ibi tí wọn yóò wò, bíi láti ìṣẹ́jú 4:10 dé 6:30 nínú fídíò náà, àti ibi tí tiwa ti yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń fi hàn. Ìlà kẹta yìí ló ṣòro jù, òun náà ló sì wúlò jù. Tí ẹ kò bá lè kọ ọ́, ẹ̀yin fúnra yín kò tíì wo fídíò náà tán.

Èyí tó dára ju gbogbo rẹ̀ lọ ni kí ẹ fi fóònù ya fídíò ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jù nínú yín, lórí ẹ̀rọ yín gan-an. Kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ọwọ́ ni kí ẹ yà, kì í ṣe ojú. Ariwo ilé iṣẹ́ máa gbé ohùn mì, torí náà kó ṣe é láìsọ̀rọ̀ ná, kó wá sọ àlàyé rẹ̀ sínú voice note níta.

Wíwò nìkan kò tó ṣá. Ní 1885, Ebbinghaus, ará Jámánì tó ń ṣèwádìí nípa ìrántí, tẹ ìwé jáde lórí bó ṣe há àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ sórí: láàárín wákàtí kan, ohun tó ju ìdajì làálàá rẹ̀ ti ṣòfò. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í tètè sá tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sá. Ní 2006, Roediger àti Karpicke, àwọn olùwádìí nípa ìrántí, dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún ìwé kà ló ṣáájú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé tí wọ́n gbìyànjú láti rántí ló borí. Ohun tó ń tan ọ̀gá jẹ nìyẹn: ní kété tí fídíò bá parí, gbogbo wọn á mirí pé ó yé wọn.

Tí ẹ bá fi nǹkan ránṣẹ́ ní Mọ́ńdè, ẹ má tún un fi hàn ní Tọ́sìdeè. Ẹ ní kí wọ́n ṣe é lójú yín, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ yá máa fẹ́ dáhùn gbogbo rẹ̀, àwọn yòókù á sá sẹ́yìn rẹ̀. Torí náà, kí kálukú kọ́kọ́ kọ tirẹ̀ sórí ìwé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹni tó bá ṣàṣìṣe ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín ni kò ní sọ mọ́ pé òun kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀rọ ló sì máa sọ fún yín.

Ẹ má sọ WhatsApp di ibi ìkówèésí. Mẹ́sẹ́ẹ̀jì mẹ́ta péré lẹ lè lẹ̀ mọ́ òkè gúrúùpù (pin), kò sì ní ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ. Fóònù á kún, wọ́n á pa fídíò rẹ́. Ẹ tẹ ìgbésẹ̀ náà sórí ìwé kan, ẹ fi náílọ́ọ̀nù bò ó, ẹ so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, kí déètì àti orúkọ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn wà lórí rẹ̀. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa bójú tó àwọn ìwé wọ̀nyí.

Ẹ̀yin náà, ẹ máa kó ohun tí ẹ bá rí sínú chat tí ẹ fi ń kọ̀wé sí ara yín nìkan, kí ẹ mú ẹyọ kan níbẹ̀ ní Fúráìdè. Ẹ má sì ní kí wọ́n wò ó lálẹ́: dátà tí wọ́n fi owó ara wọn rà ni, ó sì ti rẹ ẹni tó wọ kẹ̀kẹ́ láti ibiṣẹ́ dé ilé ní Ìgbógbó.

Olùkọ́ tí ẹ fẹ́ háyà, ẹ fi dúró de ohun tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò lè ṣe, irú bíi PLC, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́. Nígbà yẹn, ẹ rán àwọn méjì péré lọ kọ́ ọ, kí wọ́n wá fi han àwọn méje yòókù níwájú ẹ̀rọ. Kí wọ́n sì kọ ìwé tí ẹ máa so mọ́ ọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé gan-an, kó tó kúrò lórí wọn.