Ẹ Bèèrè, Ẹ Gbọ́: Àpótí Àwo Doctor Who

Láti Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà ni èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà tó wà níwájú wa ti wá, orí kíkó àwo DVD eré Doctor Who àtijọ́ jọ ni wọ́n sì dá lé. Fún ẹni tí kò bá mọ eré náà, BBC ló ṣe é láti ọdún 1963 sí 1989, sáà 26. Arìnrìn-àjò kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà ló ń fi àpótí búlúù kan, irú èyí tí ọlọ́pàá ìlú ọba ń lò láyé àtijọ́, rìn kiri inú àná, òní àti ọ̀la, dé inú ìràwọ̀. A mú márùn-ún nínú àwọn ìbéèrè náà.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi àpótí àwo Doctor Who tí wọ́n ń pè ní The Key to Time ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tí mo ki àwo bọ inú ẹ̀rọ, “Wrong Region” ló kọ. Lórí ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ mi, àwo Star Trek, eré ọkọ̀ òfuurufú ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n rà fún un níbẹ̀ ṣí, àmọ́ kò ní àwọ̀ kankan, àwòrán sì ń yí sókè yí sódò. Ṣé ẹ̀rọ wa ló bàjẹ́ ni? (Olùkàwé, Lágere, Ilé-Ifẹ̀)

Ìdáhùn: Kò sí èyí tó bàjẹ́. Ìṣòro yín yàtọ̀ sí ti ọ̀rẹ́ yín.

Tiyín ni ti ẹkùn. Àwọn tó ń ta fíìmù pín ayé sí ẹkùn 6 kí àwo tí wọ́n tà níbì kan má baà ṣí níbòmíràn. Amẹ́ríkà àti Kánádà ni 1. Ìlú ọba, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, Japan àti South Africa ni 2. Nàìjíríà wà ní 5. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí, ẹ ó rí nọ́ńbà náà nínú àwòrán ayé kékeré kan. Èyí tí wọ́n bá kọ 0 tàbí ALL sí máa ń ṣí níbi gbogbo. Ẹ má tíì sáré ra ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ wo nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ yín, ẹ kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ “region free”. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí wọ́n máa ní kí ẹ ṣe ni kí ẹ yọ àwo kúrò, kí ẹ jẹ́ kí ẹnu ẹ̀rọ wà ní ṣíṣí, kí ẹ tẹ nọ́ńbà mélòó kan lórí rìmóòtù, kí ẹ sì yan 0 tàbí 9. Nọ́ńbà yìí yàtọ̀ láti módẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì, nítorí náà ẹ má fi ti aládùúgbò yín gbìyànjú. Bó bá di dandan kí ẹ ra òmíràn, ẹ gbé àwo Lọ́ńdọ̀nù náà dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n kì í bọ̀ ọ́ lójú yín kí ẹ tó sanwó. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ni kì í bèèrè ẹkùn rárá, nígbà tí àwọn gbajúgbajà ń bèèrè.

Ẹ ṣọ́ra fún kọ̀ǹpútà alágbèéká o. Ìgbà 5 péré ni ó ń gbà kí ẹ yí ẹkùn padà. Ibi tí ẹ bá fi í sí nígbà karùn-ún, ibẹ̀ ló máa wà títí.

Ti ọ̀rẹ́ yín jẹ́ ọ̀rọ̀ PAL àti NTSC, ìyẹn ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà to àwòrán fún tẹlifíṣọ̀n. Ti àwa àti ìlú ọba ni PAL: ìlà 625, àwòrán 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti Amẹ́ríkà ni NTSC: ìlà 525, àwòrán bíi 30. Tẹlifíṣọ̀n tí kò gbọ́ ju èdè PAL lọ kò ní rí àwọ̀ NTSC kà láti inú wáyà aláwọ̀ ìyeyè, yíyí tí àwòrán ń yí náà sì jẹ́ àmì pé eré sísá rẹ̀ kò bá ti tẹlifíṣọ̀n mu. Kí ó wọ inú Setup ẹ̀rọ DVD, kí ó wá TV System tàbí TV Type, kí ó kúrò lórí Auto tàbí Multi, kí ó gbé e sí PAL. Ẹ̀rọ náà á máa túmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí tẹlifíṣọ̀n bá ní ihò HDMI, tí ẹ̀rọ náà sì ní i, ibẹ̀ ni kí ó gbà, ọ̀rọ̀ àwọ̀ ti parí nìyẹn.

Ìbéèrè: Àbúrò bàbá mi wà ní Amẹ́ríkà, ẹ̀gbọ́n mi wà ní ìlú ọba, àwọn méjèèjì ló sì ṣe tán láti ra àwo fún mi. Ta ni kí n rán? (Akẹ́kọ̀ọ́, Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀)

Ìdáhùn: Ibi tí wọ́n ti ṣe eré ni kí ẹ ti ra àwo rẹ̀. Ẹ rán ẹ̀gbọ́n ní Doctor Who, ẹ rán àbúrò bàbá ní Star Trek.

Kámẹ́rà fídíò inú sítúdíò ni BBC fi ya èyí tó pọ̀ jù nínú Doctor Who, àwòrán 50 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì ló sì ń kọjá lójú yín ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Kí ó tó lè wọ àwo Amẹ́ríkà, wọ́n ní láti sọ 50 náà di 60, ibẹ̀ ni àwòrán ti ń pàdánù ìmọ́lára rẹ̀: bí ẹnì kan bá ju ọwọ́, òjìji ọwọ́ náà á tẹ̀ lé e. Àwo ìlú ọba kò kọjá nínú ìyẹn. Star Trek ní tirẹ̀, orí fíìmù ni wọ́n ya á sí, àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwo Amẹ́ríkà ń gbé e bó ṣe ń lọ gan-an. Àwo PAL ní tirẹ̀ ń lé e sáré dé 25, apá tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú 50 á wá parí ní 48, ohùn àwọn òṣèré á sì ga díẹ̀. Ẹni tí etí rẹ̀ bá mọ orin ló máa ń tètè fura.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti dárúkọ Amẹ́ríkà: apá 79 ni Star Trek àkọ́kọ́ ní, sáà 3, láti 1966 sí 1969. Àpótí oníke mẹ́ta tó jáde ní 2004, ọ̀kan ìyeyè, ọ̀kan búlúù, ọ̀kan pupa, ló ní eré náà bí wọ́n ṣe gbé e jáde nígbà náà. Àwọn DVD tí wọ́n kọ “Remastered” sí ní àwòrán ọkọ̀ òfuurufú tuntun tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe. Ó dán lóòótọ́, àmọ́ lójú tiwa, ẹni tó ń kó ohun àtijọ́ jọ kò ní ohun tó fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Kí àbúrò bàbá yín má sì ṣèèṣì ra Blu-ray, irú àwo mìíràn tó jọ DVD lójú. Ẹ̀rọ DVD kò lè kà á, bó ti wù kí ẹ tún ẹkùn ṣe tó.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti rí apá Doctor Who tó sọnù? Èwo ni kí n sì kọ́kọ́ rà? (Olùkàwé, Ẹnuwá, Ilé-Ifẹ̀)

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, ìlú Jọ́ọ̀sì ni.

Lẹ́yìn tí BBC bá ti gbé eré jáde, wọ́n a máa pa téèpù rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n lè tún un lò, nítorí téèpù wọ́n, kò sì sẹ́ni tó rò pé ẹnikẹ́ni á tún fẹ́ wò ó. Bí apá tó lé ní 90 láti àwọn ọdún 1960 ṣe di àwátì nìyẹn. Ohun tó kó èyí tó ṣẹ́kù yọ ni ẹ̀dà fíìmù 16mm tí wọ́n tà fún àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní ilẹ̀ òkèèrè, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013 ni wọ́n kéde pé Philip Morris, tó máa ń wá irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kiri, ti rí apá 11 ní ibùdó tó ń tari àwòrán tẹlifíṣọ̀n síwájú ní Jọ́ọ̀sì. Mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ ni kò sí lọ́wọ́ BBC mọ́. Bí ìtàn The Enemy of the World ṣe pé apá 6 nìyẹn, àwo rẹ̀ sì jáde kí ọdún náà tó parí. Ìtàn kejì, The Web of Fear, ku apá kẹta rẹ̀ nìkan kó pé. Nínú àwo 2014, àwòrán tí kò mira ni wọ́n fi dí àyè rẹ̀, pẹ̀lú ohùn àwọn òṣèré. Ẹ̀dà 2021 lo àwòrán ẹ̀fẹ̀ tó ń rìn. Ohùn kò sọnù rárá, nítorí àwọn òǹwòran ìgbà náà gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n wọn nílé. Bó bá jẹ́ àwo kan ṣoṣo ni olùkàwé Nàìjíríà fẹ́ rà, The Enemy of the World la máa ní kó rà.

Ní ti ètò ríra, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé BBC kò fi DVD ṣe àpótí fún gbogbo sáà. Ìtàn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tà lọ́tọ̀, àpótí díẹ̀ ló wà láàárín wọn. The Beginning (2006) ni ẹnu ọ̀nà: àwo 3, ìtàn 3 àkọ́kọ́, apá 13. Lost in Time (2004) tẹ̀ lé e, àwo 3 pẹ̀lú apá 18 tó jẹ́ aláìlẹ́bí, ìyẹn àwọn tí ẹlẹgbẹ́ wọn ti sọnù. Ẹni tó bá ní i ti ní apá kìíní The Web of Fear àti apá kẹta The Enemy of the World ná, nítorí àwọn yẹn ni BBC ní lọ́wọ́ kí ọ̀rọ̀ Jọ́ọ̀sì tó ṣẹlẹ̀. The Key to Time jẹ́ odindi sáà 16, ìtàn 6, apá 26. The Trial of a Time Lord, ti ọdún 1986, ní apá 14 lórí àwo 4.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò ni àtúntẹ̀. Revisitations 1, 2 àti 3 kì í ṣe ìtàn tuntun. Ìtàn tí wọ́n ti tà tẹ́lẹ̀ ni, tí wọ́n tún àwòrán rẹ̀ ṣe dára sí i. Ẹni tó bá ti ra Carnival of Monsters lọ́tọ̀, tó tún wá ra Revisitations 2, ti ra ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ gba ìwé àjákọ kan, ẹ kọ orúkọ ìtàn sí i, kì í ṣe orúkọ páálí, ẹ máa fagi lé e bí ọwọ́ bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Ìbéèrè: Ẹnì kan fẹ́ ta “gbogbo Doctor Who” fún mi lórí àwo kan ṣoṣo. Òmíràn ní àpótí tòkunbọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Báwo ni mo ṣe máa mọ ojúlówó? (Olùkàwé, Àdétí, Iléṣà)

Ìdáhùn: Ti àkọ́kọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Apá tó sún mọ́ 700 ni eré náà ní kí wọ́n tó dá a dúró ní 1989, bíi ìṣẹ́jú 25 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwo tó fẹ̀ jù nínú èyí tí wọ́n sábà ń tà, 8.5 GB, kò gbà ju wákàtí bíi mẹ́rin lọ kí àwòrán tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wẹ́wẹ́.

Ti tòkunbọ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni yín, òṣómàáló kò ṣàjèjì sí yín: ẹ lóṣòó ti ọlọ́jà náà títí yóò fi ya fọ́tò ẹ̀yìn àwo kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́, kì í ṣe iwájú páálí nìkan. Ojúlówó ń dán bíi fàdákà; èyí tó ní ìpele méjì tí wọ́n kọ eré sí lè pọ́n bíi wúrà díẹ̀, ẹ má tìtorí ìyẹn kọ̀ ọ́. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá rí bí àwọ̀ àlùkò, inú kọ̀ǹpútà ẹnì kan ni wọ́n ti dà á kọ. Ẹ wo òrùka tó yí ihò àárín ká, ẹ ó rí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn àti lẹ́tà IFPI (àmì ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń ṣe àwo) wínníwínní. Ayédèrú sábà máa ń gbàgbé ìyẹn. Ẹ ní kó ka àwo, kó sọ iye rẹ̀ fún yín, kó sì sọ bóyá eyín tó di àwo mú nínú páálí ti kán. Eyín tó kán léwu ju páálí tó ya lọ, nítorí àwo tó ń yí gbirigbiri nínú àpótí láti Lọ́ńdọ̀nù dé Iléṣà á ti ha kó tó dé.

Bó bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ kì í bọ kọ̀ǹpútà, ẹ wo bí fódà VIDEO_TS, ibi tí eré wà lórí àwo, ṣe tóbi tó. Bí páálí bá kọ DVD-9, ìyẹn àwo onípele méjì tó gba 8.5 GB, tí ohun tó wà lórí àwo kò ju 4.3 GB lọ, wọ́n ti fún un pọ̀.

Ìbéèrè: Àwo mi máa ń dákú láàárín eré, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Wọ́n ní kí n fi ọṣẹ ìfọyín fọ̀ ọ́. (Olùkàwé, Mọdákẹ́kẹ́)

Ìdáhùn: Ẹ fi ọṣẹ ìfọyín sílẹ̀ fún eyín. Ohun tó ń họ nǹkan wà nínú rẹ̀. Ó lè pa ojú ìlà kan rẹ́, kó sì fi ọgọ́rùn-ún ìlà tín-ín-rín rọ́pò rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú dídákú tó jẹ́. Bó bá dúró díẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́jú, níbì kan náà lójoojúmọ́, tó sì ń bá a lọ, ẹ̀rọ ló ń kúrò ní ìpele kìíní bọ́ sí ìkejì, kò sí àìsàn níbẹ̀. Bí gbogbo àwo bá ń dákú, eruku ti bo lẹ́ǹsì ẹ̀rọ, tàbí kí iná má tó. Ẹ dán an wò nígbà tí iná bá dúró dáadáa. Bó bá jẹ́ àwo kan ṣoṣo, ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Láti àárín ni ẹ̀rọ ti ń kà lọ sí etí. Lórí àwo onípele méjì, ó tún máa ń padà láti etí wá sí àárín. Nítorí náà, etí irú àwo bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ wá ìdákú àárín eré sí, ibẹ̀ náà sì ni ìka ọwọ́ máa ń bà jù.

Ẹ gbọn eruku kúrò ná, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ kí itọ́ má ta sí i. Ẹ fi omi mímọ́ àti ẹ̀kán ọṣẹ abọ́ kan ṣoṣo fọ̀ ọ́, kí ẹ fi aṣọ tí wọ́n fi ń nu awò ojú nù ún láti ihò àárín lọ tààrà sí etí. Ẹ má nù ún yíká. Ìlà tó bá gba àárín lọ sí etí kì í gba àyè púpọ̀ lójú ọ̀nà tí lẹ́ǹsì ń tọ̀, ẹ̀rọ lè fò ó; èyí tó bá yí ká á tẹ̀ lé ọ̀nà náà lọ, kò sí bí ẹ̀rọ ṣe fẹ́ fò ó. Epo bẹntiróòlù, kẹrosíìnì àti tínà máa ń sọ ojú àwo di kúrukúru, kò sì ní àtúnṣe.

Tí ẹ bá ń yọ àwo, ẹ tẹ eyín àárín kó tú u sílẹ̀, ẹ má fa etí rẹ̀. Àwo tó bá ti sán lẹ́bàá ihò, ẹ má kì í bọ ẹ̀rọ mọ́, ó lè fọ́ sí i nínú. Ní òró ni kí ẹ to páálí, jìnnà sí fèrèsé àti orí dìkódà, kí pẹpẹ rẹ̀ má fara kan ògiri tàbí ilẹ̀ nítorí ikán. Ẹ má sọ káńfọ̀ sínú rẹ̀, ó ń ba ike jẹ́. Àwọn àpò kékeré tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà tuntun láti fa omi ni kí ẹ kó pamọ́, kí ẹ máa fi ọ̀kan sínú àpótí kọ̀ọ̀kan ní ìgbà òjò. Bí eyín páálí bá sì kán, ẹ ra òfìfo tó nípọn 14 mm, ẹ kó àwo àti ìwé iwájú rẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ tọ́jú àpótí ìta bó ṣe wà.