Dísìkì méjì kì í ṣe ẹ̀dà méjì: bí ẹ ṣe lè gbé àwòrán inú NAS ilé lọ sí cloud

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ayàwòrán ìgbéyàwó ni mí ní Ìbàdàn. Mo ra Synology oní-dísìkì méjì sílé, ìyẹn NAS, àpótí dísìkì tó so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ilé, iṣẹ́ ọdún mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, ó ti tó 2 TB. Ẹni tó bá mi tò ó ní RAID 1 lòun ṣe sí i, pé bí dísìkì kan bá bàjẹ́, èkejì á gbé e. Ṣé ó ṣì yẹ kí n máa sanwó cloud, ìyẹn ibi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì? Bó bá yẹ, báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí owó dátà ò fi ní pa mí?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, a ó máa rí i ṣe. Ó yẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi falẹ̀ rárá.

Òótọ́ lẹni yẹn sọ fún yín, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Ìbejì ni dísìkì méjèèjì: ohun tí Táyé bá jẹ, Kẹ́hìndé ti jẹ ẹ́. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á máa ṣiṣẹ́ lọ, ohun tí RAID 1 wà fún nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ iṣẹ́ yín bá ṣèèṣì pa fódà ìyàwó kan rẹ́, lójú ẹsẹ̀ ló parẹ́ lára àwọn méjèèjì. Bí NEPA bá mú iná wá pẹ̀lú agbára òjijì, inú àpótí kan náà ni wọ́n wà. Olè kì í sì í yọ ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, àwọn ọ̀daràn tó ń lo DeadBolt wọnú ọ̀pọ̀ NAS tí ilé-iṣẹ́ QNAP ṣe, tí wọ́n ṣí sílẹ̀ sí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti fáìlì inú wọn pa, wọ́n ní kí onílé san 0.03 Bitcoin kó tó gba kọ́kọ́rọ́. Iye dísìkì tí èèyàn ní kò gba ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà.

Ètò tí ẹ máa lò ni Hyper Backup, inú Package Center Synology yín lẹ ti máa rí i. Ẹ má fi Cloud Sync, tó ń mú kí fódà ilé àti ti cloud bára mu, rọ́pò rẹ̀. Ohun tí ẹ bá parẹ́ nílé, Cloud Sync lè bá yín pa á rẹ́ lórí cloud náà. Hyper Backup ní tiẹ̀ ń tọ́jú bí fáìlì ṣe rí lánàá àti lóṣù tó kọjá. Bí ẹ bá yan Smart Recycle, á máa tọ́jú ti ojoojúmọ́ fún oṣù kan, lẹ́yìn ìyẹn á máa tọ́jú ti ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́, ohun tó bá yí padà nìkan ló ń gbé lọ, nítorí náà ìgbà àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni wàhálà dátà wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń yára gbé fídíò wọlé fún yín lè máa wọ́ tó bá di pé kí nǹkan jáde, upload sì lẹ máa lò. Bó bá jẹ́ 10 Mbps, 2 TB máa gbà tó ọjọ́ 18 àti ààbọ̀, tọ̀sán-tòru, láìsí pé iná lọ. Bó bá jẹ́ 5 Mbps, ọjọ́ 37 ni. Mo mọ Ìbàdàn dáadáa, iná ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín.

Bó bá jẹ́ èmi ni, ọ̀la ni máa ra dísìkì ìta 4 TB, máa fi USB so ó mọ́ NAS, máa da gbogbo rẹ̀ kọ sínú rẹ̀, máa sì gbé e lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi ní àdúgbò mìíràn. Kò ná dátà kankan. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, tí íntánẹ́ẹ̀tì dẹnu kọlẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, irú dísìkì bẹ́ẹ̀ nìkan lèèyàn lè tètè mú iṣẹ́ rẹ̀ padà látinú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni cloud, díẹ̀díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé àwọn àwòrán tí ẹ ti ṣe parí fún oníbàárà. Wọn ò tóbi tó RAW, ìyẹn fáìlì bí kámẹ́rà ṣe yà á gan-an, àwọn sì ni wọ́n máa pè yín fún. Àwọn ìyá àti bàbá tó jókòó síwájú níbi ìgbéyàwó ọdún kẹfà sẹ́yìn, ẹlòmíràn nínú wọn lè ti papòdà, ọmọ wọn sì lè pè lọ́la pé àwòrán kan ṣoṣo yẹn lòun ń wá. Bí èyí bá ti parí, ẹ fi RAW ọdún yìí kún un, kí ẹ máa padà sẹ́yìn. Hyper Backup gbà kí ẹ máa fi fódà tuntun kún iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Ẹ ní kó máa ṣe é lóru.

Nínú àwọn ibi ìpamọ́ cloud, Backblaze B2 tàbí Synology C2 tó yín. Ẹ ṣọ́ra fún Glacier Deep Archive ti Amazon: owó ìpamọ́ rẹ̀ kéré, àmọ́ kí fáìlì tó jáde lè gba wákàtí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó sì sanwó kó tó jáde. Ẹ lè ní láti fi owó òkèèrè bíi dọ́là san án, nítorí náà ẹ rí i pé owó wà lórí káàdì yín nígbà gbogbo. Ilé-iṣẹ́ tí kò rí owó gbà kò ní tọ́jú ẹrù yín títí láé.

Nígbà tí ẹ bá ń dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, ẹ tan client-side encryption, tó ń ti fáìlì pa kó tó kúrò nílé yín, torí kò ṣeé fi kún un lẹ́yìn náà. Yóò fún yín ní fáìlì kọ́kọ́rọ́ kan. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú NAS yẹn. Ẹ kọ páásíwọọ̀dù sórí ìwé, ẹ fi fáìlì náà sórí fláàṣì, kí méjèèjì wà lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ fọkàn tán. Bí páásíwọọ̀dù àti kọ́kọ́rọ́ bá sọnù pọ̀, kò sẹ́ni tó lè ṣí i, títí kan ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń sanwó fún.

Bí fódà àkọ́kọ́ bá ti dé orí cloud, ẹ má tíì fi èkejì kún un. Ẹ ṣí Backup Explorer inú Hyper Backup, ẹ mú ìgbéyàwó kan, ẹ gbà á sórí láptọ́ọ̀pù yín, kí ẹ sì ṣí àwọn àwòrán náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.