Ìdí tí ẹni tó ń borí fóònù fi ń di ọ̀pè lójú ọpọ́n ayò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìbéèrè yín lórí ayò ọlọ́pọ́n, mo sì rí i pé ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni àwọn tó ti dáhùn ṣáájú mi fún yín, pé kí ẹ ṣáà máa ta á lemọ́lemọ́. Ẹ ní ẹ ń borí ìpele kejì ayò orí fóònù yín wẹ́rẹ́, pé ìpele kẹta ló ń yọ yín lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ jókòó ti àwọn bàbá kan tó ń ta ayò lábẹ́ igi nítòsí Bẹẹrẹ ní Ìbàdàn, wọ́n pa yín ní àpatúnpa, ẹ kò sì rí ibi tí ìyà náà gbà wọlé. Ẹ tún béèrè bóyá òótọ́ ni pé kọ̀ǹpútà ti mọ ayò dópin. Màá dáhùn méjèèjì, nítorí pé ohun tó ń ṣe yín yìí ṣe èmi náà pẹ́ gan-an láàárín àwọn ọ̀ta, ìyẹn àwọn tó mọ ayò ta dáadáa, ní àdúgbò wa ní Yemẹtù, orí fóònù kọ́ ni mo sì ti rí oògùn rẹ̀.

Ohun tó ń pa yín ni nọ́ḿbà tí fóònù ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ihò 12 tó wà lójú ọpọ́n. Bí ọmọ ayò 13 bá wà nínú ilé kan lórí fóònù, fóònù ti bá yín kà á, ojú yín kò ṣe iṣẹ́ kankan. Lójú ọpọ́n gidi, òkìtì ni ẹ ń rí: ọmọ ayò tó jọra wọn bí ìbejì, tí ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀, tí ẹ ó fi rò pé mẹ́sàn-án ni, nígbà tí bàbá tó jókòó kojú yín mọ̀ dájú pé mẹ́tàlá ni. Níbi tí mo ti ń ta, ènìyàn lè kó ọmọ inú ilé tirẹ̀ sọ́wọ́ kó fi mọ bí ó ṣe pọ̀ tó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá na ọwọ́ sínú ilé alátakò láti kà á, àwọn òǹwòran ni yóò kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó wá jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ń bá a kà á nìkan ló ti ń ta ayò yóò mọ òfin, yóò mọ ọgbọ́n kéékèèké, ṣùgbọ́n kò ní mọ odù, ìyẹn òkìtì ọmọ ayò 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilé kan.

Odù sì ni ayò. Ẹ mọ̀ pé ilé alátakò tí ọmọ ìkẹyìn tí a jù sílẹ̀ bá sọ di méjì tàbí mẹ́ta ni a ń jẹ, a ó sì máa jẹ bọ̀ sẹ́yìn níwọ̀n ìgbà tí àwọn ilé tó ṣáájú rẹ̀ ní ìhà kan náà bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ọmọ wẹ́wẹ́ kì í sábà jẹ ju ilé kan tàbí méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ inú ilé kan bá ti pé 12 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò yí gbogbo ọpọ́n ká, yóò fo ilé tó ti gbéra, yóò sì bẹ̀rẹ̀ ìyípo kejì. Ilé alátakò tó ṣófo gba ọ̀kan ní ìyípo kìíní, ó gba ọ̀kan sí i ní ìyípo kejì, ó di méjì. Èyí tó ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀ di mẹ́ta. Ilé tí ẹ ti rò pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè jẹ níbẹ̀, òun gan-an ni odù wá jẹ, òun àti àwọn ilé tó tò ṣáájú rẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le, àmọ́ n kò rí ẹni tó là á fún mi. Èmi fúnra mi ni mo jókòó ti ọpọ́n ní àwọn alẹ́ tí kò sí iná, tí mo ń tò ó, tí mo sì ń tú u. Ọmọ 11 ló ń kárí gbogbo ilé yòókù lẹ́ẹ̀kan, èyí tó bá ṣẹ́kù nínú odù ló ń rin ìyípo kejì. Bí odù yín bá wà ní ilé ọwọ́ ọ̀tún pátápátá, ọmọ kejìlá yóò bọ́ sí ilé àkọ́kọ́ alátakò, ìyẹn ilé òsì rẹ̀ pátápátá, ìkẹtàlá yóò bọ́ sí ilé rẹ̀ kejì, odù 16 yóò sì parí sí ilé rẹ̀ karùn-ún. Bí odù bá wà ní ilé tó tẹ̀ lé ti ọ̀tún pátápátá, 13 ni yóò tó kí ìyípo kejì tó kan alátakò, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan yóò máa lé sí i bí ẹ ṣe ń lọ sí ọwọ́ òsì, títí dé ilé òsì pátápátá, tí odù tó jókòó síbẹ̀ kò lè jẹ nǹkan kan ní ìyípo kejì àfi tó bá pé 17. Ọmọ 48 péré ló wà lójú ọpọ́n, ẹni tó bá jẹ 25 ti borí. Ẹni tó ń kó 17 jọ sí ọwọ́ òsì, ibo ni yóò ti rí ìyókù tí yóò máa fi rìn? Ìdí rèé tí ẹ fi ń rí i pé ọwọ́ ọ̀tún ni òkìtì àwọn àgbà máa ń wà.

Ẹ ó wá bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ iye òkìtì láìkà á. Wọn kì í ka òkìtì rárá. Ohun tí wọ́n ń kà ni ọwọ́ tó ń kọjá. Gbogbo ìgbà tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni bá ń pín ọmọ ayò kọjá lórí ilé kan, ọ̀kan péré ló ń bọ́ síbẹ̀, yálà ọwọ́ tiwọn ni tàbí ọwọ́ tiyín. Bí bàbá bá ti mọ̀ pé mẹ́sàn-án ló wà ní ilé ọ̀tún yín, tí ọwọ́ sì ti kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti mọ̀ pé ó ti di 12, ó sì lè máa bá yín ṣàwàdà lọ láìwo ibẹ̀. Ẹ kíyè sí àwàdà náà o. Ara ohun ìjà ni. Bí ẹ bá ti dá wọn lóhùn tán, ẹ ti gbàgbé bóyá ẹ̀ẹ̀mejì ni ọwọ́ kọjá tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Èmi kì í dáhùn mọ́. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ ni, mo sì ti fara mọ́ ọn kí wọ́n máa pè mí ní onígbèéraga.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀, tó sì pẹ́ kí ó tó yé mi ju ìṣirò lọ, ni pé odù kò wúlò fún ẹni tí kò ní ọmọ wẹ́wẹ́ tí yóò máa fi rìn. Kò sí ẹni tó lè sọ pé òun kò ta nígbà tó bá kan òun; bí odù bá ti jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù sílé yín, tipátipá ni ẹ ó tú u, ó pé tàbí kò pé. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo tó wà ní ilé òsì yín pátápátá lè rin ẹsẹ̀ márùn-ún kí ó tó bọ́ sínú odù ọwọ́ ọ̀tún, ẹsẹ̀ karùn-ún náà sì tún fi ọ̀kan kún odù. Ní gbogbo àsìkò tí ẹ ń fi ẹyọ kan yẹn rìn, alátakò yín, bí òun kò bá ní ọmọ wẹ́wẹ́, kò ní ohun mìíràn láti ta ju kí ó máa kó ọmọ wá sí ìhà yín lọ. Ilé rẹ̀ ń ṣófo, odù yín ń sanra. Ohun tí àwọn bàbá wọ̀nyẹn ṣe fún yín nìyẹn, ó dá mi lójú bí ẹni tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹni tí kò jẹ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́, tó ń ti ẹyọ kan síwájú bí ẹni tí oorun ń kùn, ẹ má ṣe rò pé ọwọ́ rẹ̀ ti rọ.

Ọ̀nà tí a fi ń dáàbò bo ara ẹni kò pọ̀, àmọ́ ó wà. Ilé tó bá ní ọmọ méjì tẹ́lẹ̀ yóò di mẹ́rin lẹ́yìn ìyípo méjì, odù kò sì lè jẹ mẹ́rin. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ilé yín ṣófo tẹ̀ léra wọn nígbà tí òkìtì bá ti ń ga lọ́dọ̀ alátakò. Ilé kan tó ní ọmọ díẹ̀ láàárín àwọn tó ṣófo tó láti dá ìjẹ náà dúró. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí ẹ ba òǹkà rẹ̀ jẹ́. Bí odù rẹ̀ bá jẹ́ 12 géérégé ní ilé ọ̀tún rẹ̀, tí ó sì fẹ́ fi jẹ ilé òsì yín tó ṣófo, ẹ fi ọmọ kan kún un fún un: ó di 13, ọmọ ìkẹyìn rẹ̀ yóò sì bọ́ sí ilé yín kejì. Bí ilé kejì yẹn bá ti ní méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfo ló mú bọ̀, nítorí pé ibi tí ọmọ ìkẹyìn bá sí ni ìjẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó gba ọmọ 6 ní ilé ọ̀tún yín pátápátá kí ọwọ́ yín tó lè dé ilé odù rẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti pèsè rẹ̀ sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó di wàhálà. Inú bàbá kì í dùn sí i rárá.

Ní ti bí ẹ ó ṣe fi kọ́ra, ẹ wo inú ètò áàpù yín bóyá ẹ lè pa nọ́ḿbà náà. Àwọn kan gbà á láyè, àwọn mìíràn kò gbà á. Bí tiyín kò bá gbà á, ẹ ṣe bí mo ṣe ṣe: ẹ gbé ọpọ́n gidi ka iwájú, ẹ kó ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin sínú ilé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dojú fóònù dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ohun tí fóònù bá ta, ẹ fi ọwọ́ ara yín ta á lójú ọpọ́n. Ẹ ronú lójú ọpọ́n nìkan, ẹ wá lọ tẹ èsì yín sórí fóònù, kí ẹ sì tún dojú rẹ̀ dé. Ó máa ń falẹ̀, ó sì lè sú ènìyàn ní ìbẹ̀rẹ̀, pàápàá bí ẹ bá ṣi ọ̀kan kà tí ojú ọpọ́n àti ti fóònù kò dọ́gba mọ́. Àmọ́ ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ yẹn ni ẹ ti ń rí i gan-an pé ilé kan báyìí ni ojú yín kò tó.

Ní ti ìpele kẹta, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Irú ètò kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wo iye ìgbésẹ̀ kan síwájú ni, á yẹ gbogbo ohun tí ẹ̀yin àti òun lè ta láàárín rẹ̀ wò, á sì mú èyí tó sàn jù. Ìpele tó ga sí i kàn ń wo ọ̀nà tó jìn sí i. Ohun tó bá wà lẹ́yìn ibi tí ó wò dé, kò sí lójú rẹ̀. Odù kì í sì í ṣe ohun tí a ń kó jọ ní ìgbésẹ̀ méjì mẹ́ta. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kùtùkùtù, ètò tí kò ríran jìnnà yóò máa jẹ méjì níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún, yóò máa yọ̀, títí tí odù yóò fi pé. Nígbà tí ó bá rí i, ó ti pẹ́ jù. Èyí kò ní ṣiṣẹ́ fún ìpele tó ga jù lọ nínú àwọn ètò tó dára, àmọ́ ìpele kẹta yín yóò gbọ́ràn.

Òótọ́ sì ni ohun tí ẹ gbọ́ nípa kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal ti Vrije Universiteit ní ìlú Amsterdam parí iṣẹ́ lórí awari, ìyẹn orúkọ tí wọ́n ń pe irú ayò yìí lọ́dọ̀ wọn: ilé 12, ọmọ 48, méjì tàbí mẹ́ta ni a sì ń jẹ. Wọ́n so ẹ̀rọ ìṣirò 144 pọ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n ṣírò láti ẹ̀yìn wá, láti orí ọpọ́n tí ọmọ díẹ̀ ṣẹ́kù sí títí dé orí ọpọ́n tó kún. Bí ọpọ́n ṣe lè rí jẹ́ ọ̀nà 889,063,398,406, iṣẹ́ náà sì gbà tó wákàtí 51. Èsì tó jáde ni pé bí ẹni méjì bá ta á láìṣì í ta rárá, ọ̀mì ni yóò já sí, 24 sí 24. Òfin kan tàbí méjì lè yàtọ̀ sí ti ọpọ́n àdúgbò yín, pàápàá lórí ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ bí ẹnìkan bá fẹ́ jẹ gbogbo ohun tó wà ní ìhà ẹnìkejì, nítorí náà n kò ní búra pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí ní Bẹẹrẹ. Àwọn bàbá tí mo sọ fún kò tilẹ̀ kà á sí; ọ̀kan nínú wọn kàn ní kí n gbé kọ̀ǹpútà náà wá kí òun fojú kàn án.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ọpọ́n, ẹ wá èyí tí ihò rẹ̀ jìn tó láti gba ọmọ bíi 20 láìdà sílẹ̀, nítorí pé ihò tí kò jìn ń jẹ́ kí odù dà sí ilé kejì, ìjà sì ni ìyẹn ń dá sílẹ̀. Ẹ ka ọmọ ayò rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, kí ó pé 48, kí ẹ sì bèèrè fún díẹ̀ sí i, torí pé àwọn ọmọdé ilé yóò sọ ọ́ nù. Bí ẹ bá tún padà lọ sọ́dọ̀ àwọn bàbá yẹn, ẹ kọ́kọ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí òǹwòran, kí ẹ yan ilé ọ̀tún ẹnìkan ṣoṣo, kí ẹ máa ka ọwọ́ tó ń kọjá lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó bá tú u, ẹ máa bá a ka bí ó ṣe ń pín in, kí ẹ wò ó bóyá iye tó wà lọ́kàn yín bá ti ọwọ́ rẹ̀ mu. Tí ó bá ti ń bá a mu lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ bọ́ síwájú ọpọ́n.