Ohun ìdáná wo ni kí a dì fún àgọ́ òru méjì ní Èkìtì?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ wà lẹ́yìn odi. Ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ń gbé, a ó sì wá sílé ní oṣù Kejìlá yìí bí Ọlọ́run bá fẹ́. Àwọn ìbejì wa ti pé ọmọ ọdún 11, àbúrò wọn sì jẹ́ ọmọ ọdún 7. Láti ìgbà tí ilé ìwé wọn ti kó wọn lọ sùn nínú àgọ́ ni wọn kò ti jẹ́ kí a gbádùn mọ́. Wọ́n ní àfi kí àwọn àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn pàgọ́ sùn fún òru méjì nílé. Ọkọ mi ní ilẹ̀ ìdílé kan wà lẹ́yìn Àrámọ̀kọ, kò sì jìnnà sí Ìkọ̀gòsì tí a ó ti lọ wẹ̀. Gbogbo wa yóò tó ènìyàn mẹ́wàá. Ní ilé ìtajà ohun èlò àgọ́ tí mo lọ níbí, wọ́n kó sítóòfù tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, agolo gáàsì, ìkòkò tí ń wọnú ara wọn àti ṣíbí tí a ń ká síwájú mi. Owó wọn ga, ẹrù wa sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Èwo gan-an ni kí n rà níbí, èwo ni kí n fi sílẹ̀ di ilé? Báwo sì ni ti iyán yóò ti jẹ́, nítorí ìyá ọkọ mi ti ní òun kò tíì gbọ́ irú ìgbádùn tí kò ní iyán nínú rí?

Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn

Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò, Ìyá Ìbejì. Ọmọ Èkìtì ni èmi náà, Kánádà ni mo ń gbé, ọmọ mẹ́ta ni mo sì ń tọ́, tí a máa ń kó lọ pàgọ́ níbí àti nílé. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ iná ṣáájú, nítorí iná tí ẹ bá yàn ni yóò sọ irú ìkòkò tí yóò bá yín lò, ìkòkò ni yóò sì sọ oúnjẹ tí ẹ lè sè. Ẹni tí ó ń pọn ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn gun òkè, tí kò fẹ́ ju kí ó gbé omi kaná láti fi po oúnjẹ gbígbẹ inú ọ̀rá fún ara rẹ̀ nìkan, ni wọ́n ṣe àwọn nǹkan tí ẹ rí ní ilé ìtajà yẹn fún. Ẹ̀yin ń lọ se ìrẹsì fún ènìyàn mẹ́wàá, ọkọ̀ ni yóò sì gbé yín dé ẹnu àgọ́.

Agolo gáàsì kékeré wọ̀nyẹn kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú rárá, ìbáà ṣe nínú báàgì ọwọ́ tàbí nínú ẹrù tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ikùn ọkọ̀. Orí sítóòfù tí kò tíì kan gáàsì rí lè rí ọ̀nà kọjá, ṣùgbọ́n kò ní wúlò fún yín nígbà tí ẹ bá dé, nítorí ẹnu ìdè rẹ̀ kì í bá ti sílíńdà tí wọ́n ń tà nílé mu. Ìṣáná pẹ̀lú kò gbọdọ̀ sí nínú ẹrù ìsàlẹ̀, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi ru ìṣáná láti Leeds wá sí Àrámọ̀kọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rà ni sílíńdà kékeré oníkìlógíráàmù 3 tí wọ́n máa ń de orí iná mọ́ lẹ́nu tààrà. Adó-Èkìtì ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ sì rọ gáàsì sí i kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Irú iná bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ṣí i dáadáa, ń jẹ nǹkan bíi 200 gíráàmù gáàsì ní wákàtí kan, èyí tí ó fi hàn pé kìlógíráàmù 3 yóò tó yín se oúnjẹ fún òru méjì, yóò sì ṣẹ́kù. Kí ẹ tó gbé e sínú ọkọ̀, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi títí yóò fi hó, ẹ fi kànrìnkàn pa á yí ojú ìdè náà ká, kí ẹ sì ṣí gáàsì díẹ̀ láìṣáná sí i. Bí ìfóòfó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú níbì kan, tí ó ń bẹ́, tí òmíràn tún ń wú, gáàsì ń jò níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ tì í pa, ẹ yí i le sí i. Bí kò bá ṣíwọ́, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó tà á. Ní òòró ni kí ó dúró nínú ọkọ̀, kí ẹ sì ṣí fèrèsé sílẹ̀.

Ewu kan wà lára irú iná yìí tí àwọn tí ń tà á kì í sábà sọ. Nítorí pé orí sílíńdà ni iná wà, ìkòkò tí ó bá tóbi jù tàbí tí ó wúwo jù lè dà á dojú dé, pàápàá níbi tí àwọn ọmọ bá ti ń sáré kọjá. Ẹ wa ilẹ̀ díẹ̀ kí ìdí sílíńdà lè wọlé, ẹ fi yanrìn tì í yí ká, kí ẹ sì rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú. Ìkòkò lítà 5 ni kí ó jẹ́ èyí tí ó tóbi jù lọ lórí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ se nǹkan tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, orí ààrò òkúta mẹ́ta tàbí àdògán ni kí ẹ gbé e kà.

Èédú àpò kékeré kan àti àdògán onírin yóò dára gẹ́gẹ́ bí iná kejì, nítorí àwọn ọmọ kò ní gbà pé àwọn sun àgọ́ bí wọn kò bá sun iṣu kí wọ́n sì fi epo jẹ ẹ́. Iṣu kò wọ́n nílé ní oṣù Kejìlá. Àmọ́ àkókò ọyẹ́ ni yóò jẹ́, koríko yóò ti gbẹ, iná tí ó bá ta díẹ̀ sínú igbó lè di ohun tí gbogbo abúlé yóò jáde sí. Ẹ ro ilẹ̀ ibi ìdáná mọ́ títí tí yóò fi ku erùpẹ̀ lásán, ẹ gbé korobá omi kan àti korobá yanrìn kan síbẹ̀, kí ẹ má sì dáná nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ gan-an. Bí òtútù òwúrọ̀ ìhà Èfọ̀n ṣe wù kí ó mú tó, ẹ kò gbọdọ̀ gbé èédú tàbí gáàsì wọ inú àgọ́. Èéfín olóró tí ń jáde lára wọn kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun.

Ní ti ìkòkò, ẹ fi àwọn tí ń wọnú ara wọn yẹn sílẹ̀ fún ilé ìtajà. Ìdí wọn fẹ́lẹ́ jù. Ìrẹsì á ti jóná nísàlẹ̀ kí ti òkè tó rọ̀. Ìkòkò tí wọ́n dà nílé, èyí tí ó nípọn, tí ó ní etí méjì àti ọmọrí tí ó bò ó dáadáa, ni ó yẹ. Èyí tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni kí ẹ yàn, nítorí oníìdí róbótó dára lórí òkúta mẹ́ta ṣùgbọ́n kì í jókòó lórí gáàsì. Ọ̀kan fún ìrẹsì tàbí ẹ̀bà, ọ̀kan fún ọbẹ̀, kékeré kan fún omi gbígbóná, àti páànù ìdínyin kan: ó tó. Ẹ lè yá gbogbo rẹ̀ nínú ilé ìdáná ìyá ọkọ yín. Kí ẹ tó gbé ìkòkò ka orí iná igi, ẹ fi ọṣẹ tàbí eérú tí ẹ pò mọ́ omi ra ẹ̀yìn rẹ̀ títí dé ọrùn. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́, dúdú náà yóò bá omi lọ láìjẹ́ pé ẹ fi yanrìn ha á.

Omorògùn kan, ìgbákọ kan, ọ̀bẹ méjì, pákó ìgẹ́ran, asẹ́ kékeré, ohun ìṣí agolo àti àkísà méjì tí ó nípọn tí ẹ ó fi máa sọ ìkòkò kalẹ̀ ni ìyókù. Ohun ìṣí agolo ni ó sábà máa ń di àwátì, tí ọkùnrin ilé yóò wá máa fi ọ̀bẹ gún agolo lórí eékún rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀bẹ náà ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ fún ẹran tútù.

Ẹ wá jẹ́ kí a dé orí iyán. Ẹ má gbé odó lọ, kì í ṣe nítorí wíwúwo rẹ̀ nìkan. Gígún iyán fún ènìyàn mẹ́wàá gba kí iṣu rọ̀ kí ó sì gbóná lẹ́ẹ̀kan náà, orí iná kan ṣoṣo kò sì lè ṣe ìyẹn àti ọbẹ̀ pọ̀. Ilé ni kí Màmá ti gún un ní ọ̀sán ọjọ́ tí ẹ ń lọ. Kí wọ́n máa dì í sínú ọ̀rá ní òkìtì-òkìtì bí ó bá ṣe ń kúrò lójú odó, kí wọ́n sì tò wọ́n sínú kúlà tí ẹ ti fi omi gbígbóná ṣàn nínú; bí ẹ bá kún un dẹ́nu, tí ẹ tẹ́ tówẹ̀ẹ̀lì sí i lórí kí ẹ tó dé e, yóò gbóná dé àṣálẹ́. Ẹ̀fọ́ rírò yóò wà nínú fúláàsì oúnjẹ. Alẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ jẹ ẹ́ tán, kí ẹ má fi pa mọ́ di ọjọ́ kejì. Màmá yóò rí iyán wọn, ẹ̀yin náà yóò sì ráyè ta àgọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kúlà kejì ni ti nǹkan tútù. Ẹ ra omi inú ọ̀rá, ẹ kó o sínú fìrísà títí yóò fi dì gbagidi, kí ẹ sì tò ó sí àárín àwọn nǹkan tí kò gbọdọ̀ gbóná. Bí iná mànàmáná kò bá gbà fún yín, àwọn oníyìnyín wà. Síbẹ̀, ẹran tútù kò yẹ kó kọjá alẹ́ àkọ́kọ́. Ẹja gbígbẹ, ẹyin àti ẹ̀wà ni ó yẹ kí ẹ gbára lé lẹ́yìn náà. Fún omi, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì tí kò gbé epo bẹntiróòlù rí ni kí ẹ mú lọ fún sísè àti fífọ̀, kí omi mímu sì dá wà. Bí ó bá di pé ẹ ní láti mu omi odò tàbí ti kànga, ẹ sè é kí ó hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán. Àwọn ìbejì yín yóò bi yín bóyá omi gbígbóná Ìkọ̀gòsì kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, nǹkan bíi 37°C ni ó ń gbóná níbi tí ó ti ń sun jáde, ó sì tún ń tutù sí i níbi tí òun àti omi tútù ti ń pàdé. Ó dára fún ìwẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe omi sísè.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ rà ní Leeds kò pọ̀: iná tọ́ọ̀ṣì tí a ń dè mórí fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹni tí ń ro ẹ̀bà nínú òkùnkùn nílò ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì; korobá rọ́bà tí a ń ká fún abọ́ fífọ̀; ìbọ̀wọ́ tí ń gba ooru; àti kọ́ọ̀pù onírin tí ó ní etí, tí kò lè fọ́. Àwo àti ṣíbí tí a ń ká yẹn kò ṣe pàtàkì, abọ́ onírin wà lọ́jà Adó, ẹ ó sì máa lò wọ́n nílé lẹ́yìn ìgbà yẹn.

Nígbà tí ẹ bá ń padà, ẹ fi sílíńdà àti orí iná rẹ̀ sílẹ̀ fún Màmá. Ohun tí gáàsì bá ti gbinú rẹ̀ kọjá, òórùn rẹ̀ kì í tètè kúrò, wọ́n sì lè yọ ọ́ kúrò nínú ẹrù yín ní pápákọ̀ òfuurufú. Kọ́ọ̀pù àti tọ́ọ̀ṣì nìkan ni kí ẹ dì padà, kí ẹ sì rí i pé bátìrì tí ẹ bá yọ kúrò nínú tọ́ọ̀ṣì wà nínú báàgì ọwọ́.